Iṣẹ́ tí wọ́n dá padà fún ọmọ yín: ẹ jẹ́ kó dá wọn lóhùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló mú mi gbé kálàmù. Bàbá náà ní ọmọ òun ọkùnrin, tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tún kóòdù kan ṣe fún ẹgbẹ́ sọ́fítíwíà kan lókè òkun, ó sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kó tún àlàyé tó kọ síwájú iṣẹ́ náà kọ. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní àlàfo kan wà níbi tí kò yẹ kó wà. Bàbá ní ìwọ̀sí ni, pé wọn ò fẹ́ kí orúkọ ọmọ Yorùbá wọ inú nǹkan tí wọ́n ń ṣe, òun sì ti sọ fún ọmọ náà kó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, kó má dá wọn lóhùn mọ́. Ó wá fi òwe kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀: a kì í dákẹ́ ká ṣìwí.

Òwe àgbà ni, n kò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó sì dá mi lójú pé èyí ló bá ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mu. N kò mọ ẹgbẹ́ tí bàbá ń sọ, kò dárúkọ wọn, èmi náà kò sì ní méfò. Ṣùgbọ́n mo mọ irú iṣẹ́ náà dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì ti jókòó ti àwọn tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Git, tí mo rí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo rí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń dáhùn. Níbi ìdáhùn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń já bọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò yé tó bẹ́ẹ̀: Git ni sọ́fítíwíà tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ wọn. Òun ló ń sọ ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ìdí tó fi yí i, kí wọ́n lè padà sí ti àná bí tòní bá bàjẹ́. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni BitKeeper, èyí tí àwọn oní-Linux ń lò fún irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ní wọn ò lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, ó ti fa Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, Hamano ló sì ń bójú tó o láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú áàpù tó wà lórí fóònù yín, inú Git ni àwọn tó kọ wọ́n ń tọ́jú kóòdù wọn sí.

Ẹnikẹ́ni láyé ló lè bá wọn tún Git ṣe. Wàá ṣe àtúnṣe rẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní patch, wàá kọ àlàyé síwájú rẹ̀, wàá fi ímeèlì rán an síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹni tó bá wù ló lè sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ kí bàbá mọ̀ ni pé Hamano fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń pinnu ohun tó máa wọlé, ibẹ̀ náà ló ń fi patch tirẹ̀ sí. Àwọn ẹlòmíì á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní ibí yìí kò yé àwọn, ibí yẹn lè fa ìṣòro, òun náà á sì dá wọn lóhùn, á tún un kọ. Bí wọ́n bá ń dá iṣẹ́ padà fún olórí ilé báyìí, kí la fẹ́ sọ pé wọ́n ṣe fún àlejò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ọmọ àbúrò mi kan, obìnrin, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, fẹ́ wọ ètò Outreachy. Ètò yìí máa ń sanwó fún àwọn tí kì í sábà rí àyè nídìí iṣẹ́ sọ́fítíwíà, kí wọ́n lè fi oṣù díẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ bíi Git. Àmọ́ kí wọ́n tó mú èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n á fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èyí tí ó mú wà nínú àwọn fáìlì ìdánwò, àwọn tí wọ́n fi ń wò ó bóyá Git ṣì ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ó rí ìlà kan báyìí:

git ls-files | grep one

Àṣẹ tó wà lápá òsì ń to orúkọ àwọn fáìlì jáde. Ọ̀pá tó dúró láàárín á gbé orúkọ wọ̀nyẹn fún grep, grep á wá "one" nínú wọn. Lójú, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìròyìn grep nìkan ni kọ̀ǹpútà máa ń gbà, pé ó rí i tàbí kò rí i. Bí git tó wà lápá òsì bá ti sọ orúkọ náà jáde tán kó tó dá kú, ìdánwò á ní gbogbo nǹkan dára. Bẹ́ẹ̀, Git gan-an la ń dán wò! Ọmọ náà wá tún un kọ báyìí:

git ls-files >actual &&
grep one actual

Ìyẹn ni pé kí git kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ actual. Bí git bá ṣubú, ìdánwò á dúró síbẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀. Bí kò bá ṣubú, grep á wá wọlé. Iṣẹ́ kékeré ni, iṣẹ́ gidi sì ni.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ sí i. Ó ní àkọlé tó fún patch náà, tó jẹ́ pé ohun tó sọ kò ju "mo tún ìdánwò ṣe" lọ, kò sọ ibi tí ó tún ṣe tàbí ìdí rẹ̀, kó fi orúkọ fáìlì ìdánwò síwájú, kó sọ ọ́ bí ẹni ń pàṣẹ fún kóòdù náà, kó sì ṣàlàyé nísàlẹ̀ ohun tó burú nínú ti tẹ́lẹ̀. Ó ní láwọn ibì kan ó fi àlàfo sí àárín àmì > àti orúkọ fáìlì, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Git. Ó ní ọmọ náà tún yí nǹkan mìíràn padà nínú patch kan náà, ó pààrọ̀ test -f sí test_path_is_file, tí àwọn méjèèjì ń wò bóyá fáìlì kan wà, èyí sì dára, àmọ́ kó gbé e sínú patch tirẹ̀. Lákòótán, ó bi í pé nínú ìlà kan tí wọ́n ti ń retí pé kí grep má rí nǹkan, kí nìdí tó fi kọ ! grep, tí kò lo test_must_fail. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń sọ pé à ń retí kí àṣẹ kan kọ̀.

Ọmọ náà fóònù mi. "Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti dá a padà o." Mo ní kó ka ìdáhùn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi létí. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ ni pé: "Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti rí gbogbo àtúnṣe yín sà. Ẹ má bínú sà, màá tún un ṣe."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Bí àgbà bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í máa tò ó lé e lọ́wọ́ pé èyí mo gbà, èyí n kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹni tó gba ímeèlì yẹn. Nǹkan mẹ́rin ló sọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìbéèrè gidi tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ náà ní "mo ti rí i". Èwo ni ó rí? Ṣé ó gbà pé kó pín in ni? Kí wá ni ti ! grep? Ó di dandan kó dúró de patch kejì, kó máa fi ojú wá a ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó tó mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́ òun. Ẹni tó ń fi àyè tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ka iṣẹ́ ọlọ́mọ ọlọ́mọ, irú ìdáhùn yẹn ń dá kún ẹrù rẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá "sà" lẹni náà tàbí "mà". Orúkọ lásán ni gbogbo wọn ń pe ara wọn níbẹ̀, Hamano gan-an, Junio ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé ìyẹn wúwo lẹ́nu ọmọ tiwa, n kò sì fi dandan mú un. Mo ní kó kí i, kó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó wá dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lóhùn lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Git ní ìwé àlàyé tirẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi patch ránṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ọdún 2019 ló ti wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń kà sí àwọn ọmọ létí. Ó ní ìwà ọmọlúàbí ni kí èèyàn fèsì sí àkíyèsí kọ̀ọ̀kan. Èsì náà lè jẹ́ pé mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ó lè jẹ́ pé bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló dára jù lójú mi, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín jẹ́ kí n rí ọ̀nà mìíràn tó dára ju tèmi àti tiyín lọ. Nínú ìwé wọn fúnra wọn ni wọ́n ti fún ọmọdé láyè kó sọ pé rárá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí kò yé e, kò tó kí o dá a lóhùn nínú ímeèlì kó ní ó ti yé òun. Kó o tún gbé àlàyé yẹn wọ inú patch náà, torí ohun tí kò yé ẹni àkọ́kọ́ yìí, kò ní yé ẹni tó máa kà á lọ́dún mẹ́wàá òní.

Bí ọmọ náà ṣe tún ìdáhùn rẹ̀ kọ nìyẹn. Lórí àkọlé, ó ní òun gbà, ó sì kọ àkọlé tuntun síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Lórí pípín sí méjì, ó gbà. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi kún iṣẹ́ òun ni, mo sì ṣàlàyé fún un pé bí ọ̀kan nínú àyípadà méjèèjì bá wá dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á lè yọ ọ̀kan láì fọwọ́ kan èkejì. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á jọ lọ ni.

Ti àlàfo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un bínú. Mo ní, ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè? Ahunṣọ mẹ́wàá lè pín iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo láàárín ara wọn, olúkúlùkù á hun ọ̀já tirẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì rán an pọ̀, ojú kò ní mọ ibi tí ọwọ́ ẹnì kan parí sí. Bí ọ̀já kan bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti ìyókù lọ, gbogbo aṣọ ló máa wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ló ti kọ Git láti ọdún 2005. Bí olúkúlùkù bá ń fi àlàfo sí ibi tó wù ú, ojú ẹni tó ń kà á á máa kọsẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe pàtàkì, á sì fo èyí tó ṣe pàtàkì dá. Ó yọ àwọn àlàfo náà. Ìdáhùn rẹ̀ lórí ìyẹn kò ju gbólóhùn kan lọ.

Ìbéèrè kẹrin ló fún wa ní iṣẹ́. Ó wí pẹ̀lẹ́ pé: "Mọ́mì, èmi mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Ṣé mo lè sọ fún un bẹ́ẹ̀?" Ó ti ka ìwé àlàyé tó wà nínú àpótí àwọn ìdánwò náà, ó ka ibi tí wọ́n ti sọ pé test_must_fail wà fún àṣẹ Git nìkan. Bí àṣẹ Git bá máa kọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ pẹ̀lú ètò, kó máà jẹ́ pé ó kú lójijì, ohun tí test_must_fail sì ń ṣọ́ nìyẹn. Àmọ́ grep, tó bá kọ̀mpútà wá fúnra rẹ̀, àmì ! lásán tó o, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn kọ́ ni láti máa yẹ ayé wò bóyá orí rẹ̀ pé. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ orúkọ ìwé náà àti ibi tó wà nínú rẹ̀, kó má fi "ẹ jọ̀wọ́" mẹ́ta síwájú rẹ̀, kó má sì fi ìgbéraga kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó fi ránṣẹ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹni náà dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì pé òótọ́ ni, òun dúpẹ́ pé ó tọ́ka sí i, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. A máa ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, a máa ń sọ ọ́ níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Àmọ́ ọmọ tí a kò jẹ́ kó dáhùn nílé, kò ní mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ọmọdé síwájú àgbà nígbà tí àgbà bá bi í léèrè gan-an.

Ohun kan tún wà tí ó ń ṣe àwọn ọmọ wa léṣe tí kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Iná ìjọba kì í dúró, nítorí náà orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ka ímeèlì, orí fóònù náà ni wọ́n ti ń fèsì. Ímeèlì láti orí fóònù sábà máa ń gbé ọ̀ṣọ́ HTML dání, bí àwọ̀ lẹ́tà àti bó ṣe tóbi tó, ibi tí wọ́n ti ń gba patch Git kì í sì í gba irú rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ni wọ́n ń fẹ́. Èsì ọmọ á ta padà, ó lè má tètè mọ̀, á sì máa rò pé wọn ò ka òun sí, àwọn náà á máa rò pé ó ti lọ. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ju ẹnì kan lọ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́. Kó dúró títí iná á fi dé, tàbí kó lọ síbi tó ní jẹnẹrétọ̀, kó lo kọ̀ǹpútà, kó sì wò ó pé ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu ló ń jáde. Kó fi ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dá lóhùn, kó gé ìyókù tí kò kàn án dànù.

Kí ó má sì kánjú fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ lè wà ní Jámánì, ẹni kejì ní California, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ bá ẹnì kan, ẹnì kejì ń sùn. Bí ẹ̀dà mẹ́ta bá jáde lọ́jọ́ kan, ta ló fẹ́ mọ èyí tí òun ń kà? Nígbà tí ó bá wá tó àkókò, ohun èlò kan wà nínú Git láti ọdún 2018, range-diff lorúkọ rẹ̀, ó máa ń fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ìkejì hàn. Ìlà mẹ́ta kékeré, ---, sì wà nínú patch tó jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kì í wọ inú ìtàn iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni kí ó ti sọ pé, láti ẹ̀dà àkọ́kọ́, nǹkan báyìí báyìí ni mo yí padà.

N kò sọ pé kò sí ìwọ̀sí nínú iṣẹ́ yìí. Ó wà. Torvalds fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 fún bó ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó sì yà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Git náà gba ìlànà ìwà lọ́dún 2019, níbi tí wọ́n ti kọ ibi tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá bú u. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ yín nítorí orúkọ rẹ̀, tàbí ibi tó ti wá, tàbí tí ó pè é ní òpè, kó má gbà, kó fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àlàfo kan wà níbi tí kò yẹ, kóòdù ló ń bá wí. Orúkọ ọmọ yín kò sí nínú gbólóhùn náà.

Àwa olùkọ́ náà ní ọ̀rọ̀ láti gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú kóòdù wá, máàkì la ń fún un, a kì í bi í pé kí nìdí tó fi gba ibí yìí. Ó lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní yunifásítì láìṣe pé ẹnì kan fi ọwọ́ tọ́ka sí ìlà kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó ní, gbèjà èyí. Lẹ́yìn náà ni àjèjì á wá béèrè, gbogbo ara rẹ̀ á sì gbóná. Mo ti ń ṣe é nínú kíláàsì tèmi báyìí, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n ń kọ èsì sí ara wọn, àwọn tó ń tijú tẹ́lẹ̀ ti ń sọ ìdí wọn jáde. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa náà dán an wò.

Ti ọmọ àbúrò mi, wọn kò mú un fún Outreachy lọ́dún náà, àwọn tó ń du àyè díẹ̀ yẹn pọ̀. Àmọ́ patch rẹ̀ wọlé. Ó kọ́kọ́ dé ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní seen, ó bọ́ sí next, ó wá dúró sí master, ẹ̀ka àgbà tí iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà wọlé ń wà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́, nínú ìlà Signed-off-by tí olúkúlùkù fi ń jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ìtàn Git sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gba orúkọ ọmọ náà.

Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún lẹ́tà yín kà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí gbogbo àlàyé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò mẹ́nu ba àlàyé mọ́, ọ̀rọ̀ pípín sí méjì ló kù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ku àlàfo kan. Àwọn tó kórìíra iṣẹ́ kì í kà á títí dé àlàfo. Ẹni tó kọ ìyẹn ti ka gbogbo rẹ̀, kò rí ẹ̀sùn mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń dúró de ọmọ yín títí di báyìí. Kó yọ àlàfo náà. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, kó ní òun ti yọ ọ́, kó sì fi ẹ̀dà kẹrin ránṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan bá òun ka ìdáhùn náà kó tó jáde, mo ti fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Olóòtú. Kó pè mí nírọ̀lẹ́, torí kíláàsì ni mo máa ń wà lọ́sàn-án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.